Àsomọ́ ímeèlì kò ṣí nínú Gnus, kò sì sọ ìdí: níbo ni ọ̀rọ̀ àṣìṣe ń gbà lọ?

Akọ̀wé_Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Inú Emacs, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń ka ímeèlì; Gnus, apá rẹ̀ tó ń ka lẹ́tà, ni mò ń lò. Àbúrò mi ló kọ́ mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì tù mí lára gan-an: tí lẹ́tà bá ti wọlé tán, mo lè kà á, kí n kọ èsì sílẹ̀, kí n dúró de ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà kí n tó fi ránṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa fi ìwé ìwọ̀n ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, PDF ni. Mo gbé kọ́sọ̀ sórí bọ́tìnì àsomọ́ náà, mo tẹ Enter. Ìlà ìsàlẹ̀ Emacs kọ "Displaying iwe /tmp/emm…", ó pòórá. Kò sí fèrèsé tó ṣí, kò sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bákan náà ni. Àgbẹ̀ mẹ́jọ ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì, wọ́n fẹ́ mọ iye kílò tí wọ́n kọ sí orúkọ wọn, èmi náà wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu odi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá tẹ "o" láti tọ́jú fáìlì náà sínú Documents, tí mo wá lọ sí terminal, tí mo kọ "iwe" àti orúkọ fáìlì, wẹ́rẹ́ ló ń ṣí. "iwe" ni orúkọ kúkúrú tí àbúrò mi fún ètò ìwo-PDF tó wà lórí kọ̀ǹpútà tuntun yìí. Ubuntu ló wà lórí rẹ̀, snap (ọ̀nà kan tí Ubuntu fi ń gbé ètò wọlé) ni wọ́n sì fi gbé ètò náà wọlé. Ìlà tó wà nínú ~/.mailcap mi, fáìlì tó ń sọ ètò tó máa ṣí irú àsomọ́ kọ̀ọ̀kan, nìyí:

    application/pdf; iwe %s

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ibi tí ètò náà ń rojọ́ sí, kó bá mi wá a.

---

Olùkọ́_Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:25 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé wa. Ètò yín rojọ́ o. Gnus ló gba ẹjọ́ náà sílẹ̀ tí kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ, torí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí omi ń gbà ló lè mọ ibi tó ti dí. Tí ẹ bá tẹ Enter, Gnus á kọ àsomọ́ náà sínú fáìlì kan nínú àpò ìgbà díẹ̀ (orúkọ àpò náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "emm."), á lọ wo mailcap láti mọ ètò tó yẹ kó pè, á fi orúkọ fáìlì rọ́pò %s, á sì gbé gbogbo ìlà náà fún shell (ètò tó ń gba àṣẹ) pé kó bá òun ṣe é. Ohunkóhun tí ètò náà bá wí, inú bọ́fà (ibi tí Emacs ń kó ọ̀rọ̀ sí) kan tó ń jẹ́ " *mm*" ló ń lọ. Ẹ wo àlàfo tó wà níwájú àmì ìràwọ̀ yẹn dáadáa. Bọ́fà tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo, Emacs kì í fi í hàn nínú àkójọ tí C-x C-b ń gbé jáde. Tí ètò bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè tẹ C-x b, kí ẹ tẹ àlàfo, kí ẹ tẹ Tab, ẹ máa rí i. Àmọ́ ètò tó kú lójú ẹsẹ̀ bíi tiyín, kí ẹ tó débẹ̀, bọ́fà náà ti lè lọ.

Mailcap fúnra rẹ̀ kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Ọdún 1993 ni wọ́n gbé e jáde, RFC 1524 ni, Nathaniel Borenstein ló kọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbé MIME, ìlànà tó jẹ́ kí ímeèlì lè gbé àsomọ́, kalẹ̀ ní 1992. Ó ní ọ̀rọ̀ fún "ètò yìí nílò terminal" (needsterminal), ó ní fún "ètò yìí máa sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn" (copiousoutput), ó ní "test" fún ìdánwò kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún ohun tó yẹ kí a ṣe tí ètò náà bá kùnà. Nítorí náà, kálukú ló ń ṣe é bó ṣe rí i.

Lórí ẹ̀rọ tèmi, "done" náà ni Gnus ń kọ sí ìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ pé ètò ṣí fáìlì ni, ì báà jẹ́ pé ó ṣubú lulẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ pé iṣẹ́ kò yọrí.

Mo kọ skríptì kékeré kan tó ń dúró sáàárín. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì tó ń jẹ́ "wo" nínú ~/bin, kí ẹ ṣe chmod +x fún un:

    #!/bin/sh
    umask 077
    iwe_asise="$HOME/wiwo-asise.txt"
    igba_die=$(mktemp)
    "$@" >"$igba_die" 2>&1
    nomba=$?
    if [ "$nomba" -ne 0 ]; then
      { date; echo "$nomba  $*"; cat "$igba_die"; echo; } >>"$iwe_asise"
      notify-send "Àsomọ́ kò ṣí: $nomba" "$(tail -n 3 "$igba_die")"
    fi
    rm -f "$igba_die"
    exit "$nomba"

Kí ìlà mailcap yín wá di:

    application/pdf; wo iwe %s

Lẹ́yìn náà, M-: (mailcap-parse-mailcaps nil t), kí Emacs tún mailcap kà. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ~/bin sílẹ̀ lónìí, ẹ jáde kúrò nínú Ubuntu kí ẹ tún wọlé, torí ìgbà tí ẹ bá ń wọlé ni ~/.profile máa ń wò bóyá àpò náà wà kó tó fi í sí PATH, àkójọ ibi tí shell ti ń wá ètò.

---

Ọmọ_Ìjerò | Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìṣòro tèmi jẹ́ òdìkejì tiyín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é nínú Emacs pé tí ètò ìta bá sọ ọ̀rọ̀ kankan rárá, kí bọ́fà rẹ̀ yọ síwájú mi. Láti ìgbà náà, mi ò lè ṣí fọ́tò kan ní ìrọ̀rùn. Fọ́tò á ṣí dáadáa, fèrèsé mìíràn á tún la Emacs mi sí méjì, ó kún fún "Gtk-WARNING" lórí "Gtk-WARNING". Lánàá ọ̀rẹ́ mi fi fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́, mọ́kànlélógún ni. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún ni mo pa fèrèsé yẹn dé.

Ṣé àṣìṣe ni gbogbo ìyẹn ni? Ṣé kí n bẹ̀rù?

---

Olùkọ́_Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 10:31 àárọ̀

Má bẹ̀rù, àbúrò. O ti débi tí ọ̀pọ̀ ń dé: o rò pé ohun tó bá gba stderr jáde, àṣìṣe ni.

Ṣé o ti dé Ìkógòsì rí? Omi gbígbóná ń ti ibi tirẹ̀ ṣàn bọ̀, omi tútù ń ti ibi tirẹ̀ ṣàn bọ̀, wọ́n á wá pàdé nísàlẹ̀. Bí ètò orí Unix náà ṣe rí nìyẹn. Ojú omi méjì ló ní láti sọ̀rọ̀. Èyí tó ní nọ́ńbà 1, stdout, iṣẹ́ tí o rán an ló ń gba ibẹ̀ bọ̀. Èyí tó ní nọ́ńbà 2, stderr, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gba ibẹ̀: ìkìlọ̀, ìkùnsínú, ìròyìn nípa àwọ̀ bọ́tìnì tí kò rí, àti àṣìṣe gidi pẹ̀lú. Orúkọ stderr ló ń tan wá jẹ. Ètò tó wà ní àlàáfíà lè kùn síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Nọ́ńbà ìjáde nìkan ni ètò fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe parí. 0: ó yọrí. Ohun tó bá yàtọ̀ sí 0: kò yọrí. Ti shell pàápàá ní ìtumọ̀ tirẹ̀: 127 ni pé kò rí ètò tí o dárúkọ, 126 ni pé ó rí i ṣùgbọ́n kò lè mú un ṣiṣẹ́, èyí tó bá sì ju 128 lọ sábà máa ń jẹ́ pé àmì kan láti ìta ló pa á. Yọ 128 kúrò, o máa rí nọ́ńbà àmì náà: 139 jẹ́ 11, ètò náà fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mórì; 137 jẹ́ 9, wọ́n pa á tipátipá.

Nítorí náà, má wo bóyá ó sọ̀rọ̀. Wo nọ́ńbà. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 0, jẹ́ kó kùn. Tí kò bá jẹ́ 0, ìgbà yẹn ni kí o ka ohun tó wí.

---

Akọ̀wé_Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 12:15 ọ̀sán

Olùkọ́, Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan yọ lókè ojú kọ̀ǹpútà, mo lọ wo wiwo-asise.txt, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí (mo yọ orúkọ ilé mi kúrò):

    127  iwe /tmp/emm.…/iwon-kokoo.pdf
    /home/…/bin/wo: 5: iwe: not found

Ó ní kò rí "iwe". Àmọ́ mo kọ "iwe" sí terminal báyìí báyìí, ó ṣiṣẹ́! Báwo ni kò ṣe rí ohun tó wà níbẹ̀?

---

ÌyáÌbejì_Adó | Ọjọ́ Ajé, 12:48 ọ̀sán

Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ "type iwe" sí terminal yẹn. Ó jọ pé alias ni àbúrò yín ṣe.

---

Akọ̀wé_Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 12:55 ọ̀sán

Bẹ́ẹ̀ ni o! "iwe is aliased to…" ló kọ, ó wá dárúkọ ètò ìwo-PDF náà.

---

ÌyáÌbejì_Adó | Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní níbí ní Adó, kò sí oṣù tí mi ò rí irú èyí. Alias dà bí orúkọ oríkì tí wọ́n ń pe èèyàn nínú ilé. Àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá fi orúkọ yẹn béèrè lójú pópó, kò sẹ́ni tó máa júwe ilé fún un. Inú ~/.bashrc ni wọ́n kọ ọ́ sí, shell tí ẹ bá ṣí fúnra yín nìkan ló ń lò ó. Shell tí Emacs ń pè láti fi ṣiṣẹ́ kì í lo alias, skríptì "wo" náà kì í lò ó.

Ẹ yọ alias yẹn kúrò. Ẹ dá fáìlì kan tó ń jẹ́ "iwe" sílẹ̀ nínú ~/bin, ìlà méjì péré: #!/bin/sh lókè, lẹ́yìn náà exec, orúkọ ètò náà gan-an, àti "$@". Ẹ ṣe chmod +x. Orúkọ yẹn ti wá di ti gbogbo ìlú nìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́, snap tí ẹ dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹ ṣe èyí ná, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

---

Ọmọ_Ìjerò | Ọjọ́ Ajé, 3:37 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, nọ́ńbà yẹn gbà mí o. Fọ́tò ń ṣí, ariwo ti dákẹ́. Inú mi dùn débi pé mo lọ fi "wo" sí iwájú gbogbo ìlà tó wà nínú mailcap mi. Ibẹ̀ ni nǹkan tún ti bàjẹ́. Olùdarí ẹ̀kọ́ mi máa ń fi fáìlì .doc àtijọ́ ránṣẹ́, mo ní ìlà yìí fún un:

    application/msword; antiword %s; copiousoutput

Kí n tó fi "wo" sí i, ọ̀rọ̀ inú fáìlì máa ń jáde sínú lẹ́tà níbẹ̀. Ní báyìí, òfìfo ni. Kò sí àṣìṣe, nọ́ńbà jẹ́ 0, lẹ́tà kò ní ọ̀rọ̀.

---

Olùkọ́_Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀bi mi ni, àbúrò, mo sì tọrọ àforíjì. Wo ìlà karùn-ún nínú skríptì mi: >"$igba_die" 2>&1. Mo fi ọwọ́ ara mi da omi gbígbóná mọ́ omi tútù, mo sì kó àpapọ̀ rẹ̀ pamọ́. Fún ètò tó ń ṣí fèrèsé tirẹ̀, kò ṣe nǹkan, torí stdout rẹ̀ kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń retí. Fún ètò tó ní copiousoutput, stdout yẹn gan-an ni lẹ́tà. Mo gbé oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jẹun.

Ẹ pààrọ̀ ìlà náà sí èyí:

    "$@" 2>"$igba_die"

stderr nìkan la ó máa kó. stdout á máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Gnus.

Ó tún ní àǹfààní mìíràn. Tẹ́lẹ̀, Gnus máa ń gba méjèèjì pọ̀ fún ètò copiousoutput, tí antiword bá ń ráhùn, ìráhùn rẹ̀ á wọ àárín ọ̀rọ̀ lẹ́tà, bíi pé olùdarí ẹ̀kọ́ rẹ ló kọ ọ́. Ní báyìí, ohun tí wọ́n kọ sí ọ nìkan ni wàá máa rí nínú lẹ́tà. Tí ẹnìkan bá wá fi RTF ránṣẹ́ tó fún un lórúkọ .doc, antiword á sọ pé "is not a Word Document", ọ̀rọ̀ yẹn á bọ́ sí ibi tó yẹ.

---

Akọ̀wé_Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Iná lọ lánàá, mi ò lè padà wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti dá "iwe" sílẹ̀ nínú ~/bin, mo ti tún ìlà karùn-ún ṣe. 127 ti lọ. Òmíràn ló dé:

    1  iwe /tmp/emm.…/iwon-kokoo.pdf
    …: No such file or directory

Ó ní fáìlì náà kò sí. Mo yára lọ sí terminal, mo kọ ls /tmp/emm.*, fáìlì náà wà níbẹ̀, kílòbáìtì 84! Mo fi ojú ara mi rí i. Ta ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì?

---

ÌyáÌbejì_Adó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:22 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó ń parọ́, Akọ̀wé mi. Ohun tó ń kọ mí lóminú lánàá nìyẹn.

Ètò tí snap bá gbé wọlé, inú yàrá tirẹ̀ ló ń gbé. /tmp tí òun ń rí kì í ṣe /tmp tí ẹ̀yin ń rí. Snap kọ̀ọ̀kan ní /tmp tirẹ̀ níkọ̀kọ̀. Gnus gbé ìwé ìwọ̀n yín sórí tábìlì pálọ̀, ó ní kí ètò lọ mú un lórí tábìlì, ètò náà wo tábìlì inú yàrá tirẹ̀, kò bá nǹkan kan. Òótọ́ ni gbogbo yín ń sọ.

Ìdí nìyí tó fi ń ṣí tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sínú Documents. Snap lè ka àpò ilé yín, tí wọ́n bá ti fún un láyè. Ohun tí kò lè kà níbẹ̀ ni àpò tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, bíi ~/.cache. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé e lọ síbẹ̀, wọ́n á tún pàdà wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ dá àpò kan sílẹ̀, mkdir -m 700 ~/asomo-igba-die. Kí ẹ wá kọ èyí sínú ~/.gnus.el:

    (setq mm-tmp-directory (expand-file-name "~/asomo-igba-die"))

Ẹ pa Emacs, kí ẹ tún un ṣí.

---

Akọ̀wé_Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:41 àárọ̀

Ó ṢÍ! Ẹ̀yin ará mi, ó ṣí!

Mo tẹ Enter, fèrèsé yọ, ìwé ìwọ̀n hàn gbangba. Bàbá kan tó ti wá lánàá tún wà lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ yìí. Mo pè é wọlé, mo fi ìka tọ́ka sí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, mo ka kílò rẹ̀ fún un: 312. Ó mú bébà kékeré kan jáde nínú àpò agbádá, ó ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, 321. Nọ́ńbà méjì ló yí ipò. A ti ń pe àwọn tó rà á báyìí. Ká ní fáìlì náà kò ṣí títí wọ́n fi sanwó ńkọ́?

---

Àgbà_Ìkọ̀lé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Inú mi dùn fún Akọ̀wé. Mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ sáfà fún àwọn èèyàn kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Olùkọ́ kò tíì tó.

Ẹ ní ká wo nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà lè purọ́. Tí LibreOffice bá ti wà ní ṣíṣí, tí ẹ tún fi àṣẹ pe òmíràn, èyí tuntun á gbé orúkọ fáìlì fún èyí tó ti wà, á sì jáde pẹ̀lú 0. Bóyá fáìlì náà ṣí tàbí kò ṣí, kò dúró wò. Ẹni tó bá sì kọ àmì & sí ìparí ìlà mailcap rẹ̀, shell á jáde pẹ̀lú 0 lójú ẹsẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ yọ & yẹn kúrò o, Gnus kì í dúró de ètò ìta tó ní fèrèsé tirẹ̀.

xdg-open, àṣẹ tó ń wá ètò tó yẹ láti ṣí fáìlì, ní tirẹ̀ gbìyànjú. 2 ni pé fáìlì kò sí, 3 ni pé kò rí irinṣẹ́ tó nílò, 4 ni pé iṣẹ́ náà kùnà. Ṣùgbọ́n agbódegbà ni òun náà. Tó bá ti fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó lè jẹ́ 0 ló máa gbé wá fún yín.

Nítorí náà, èmi ò gbà kí a máa da ọ̀rọ̀ tó bá 0 wá nù. Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, 0 àti àìjẹ́ 0. Ìkìlọ̀ tó ń yọ síni lójú nìkan ni kó dúró de nọ́ńbà. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá dákẹ́ tí kò yẹ kó dákẹ́, ẹ máa rí ibi tí ẹ máa wò. Ẹ gbé ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú { date; jáde sókè "if", ó parí.

Ọ̀kan tó kéré: tí ètò bá ṣí dáadáa, tó wá pa dé nígbà tí ẹ bọ́ sórí lẹ́tà mìíràn, kì í ṣe àṣìṣe. Gnus ló ń pa á. Ẹ wo mm-keep-viewer-alive-types, kí ẹ fi irú fáìlì tí ẹ fẹ́ kó máa fi sílẹ̀ kún un.

---

Olùkọ́_Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 àárọ̀

Bàbá, mo gbà. Mo sọ ọ́ bíi pé nọ́ńbà kò lè ṣì wá lọ́nà, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ìlà náà sókè nínú tèmi.

---

ÌyáÌbejì_Adó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:12 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ wo ohun tí ìlà yẹn ń kọ sílẹ̀: orúkọ fáìlì. Àwọn oníbàárà máa ń wá tẹ ìwé wọn lọ́dọ̀ mi. Orúkọ fáìlì nìkan ti tó láti tú àṣírí èèyàn: èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lágbájá, lẹ́tà ìdádúró iṣẹ́ tàmẹ̀dò. Tí mo bá ń kọ gbogbo ohun tí mo ṣí sílẹ̀, láàárín oṣù kan mo ti ní ìwé àṣírí ìdajì àdúgbò lórí kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ iṣẹ́ mi náà ń lò.

Òótọ́ ni pé umask 077 wà níbẹ̀, kò sí aṣàmúlò mìíràn tó lè ka fáìlì náà. Àmọ́ orúkọ aṣàmúlò kan ni gbogbo wa fi ń wọlé ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí kò jẹ́ 0 nìkan ni mò ń kọ, mo sì ti fi basename rọ orúkọ ètò nìkan jáde, mi ò kọ ti fáìlì. Kí n tó lọ sílé lálẹ́, mo máa ń nu ún, mo sì máa ń wo àpò asomo-igba-die náà. Gnus máa ń pa fáìlì ibẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tí iná bá lọ lójijì, ohun tó wà níbẹ̀ á wà níbẹ̀. /tmp ni ẹ̀rọ ń bá wa nù tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbé e kúrò níbẹ̀ ti gba iṣẹ́ gbálẹ̀ náà nìyẹn.

---

Àgbà_Ìkọ̀lé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ẹ sọ, Ìyá Ìbejì. Èmi nìkan ló ń lo ẹ̀rọ tèmi, mi ò ronú débẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ rí bí ẹ ṣe ṣe é.

---

Ọmọ_Ìjerò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ṣé a ò lè ṣe èyí nínú Emacs gan-an láìsí skríptì? Mo rí i pé start-process, tí Emacs fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò ìta, máa ń da ojú omi méjèèjì pọ̀.

---

Olùkọ́_Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 ìrọ̀lẹ́

A lè ṣe é. Láti Emacs 25.1, tó jáde ní 2016, make-process ti wà, ó sì ní :stderr tí o lè fún ní bọ́fà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú sentinel (iṣẹ́ tí Emacs ń pè nígbà tí ètò bá parí), béèrè process-exit-status. Tó bá jẹ́ 0, pa bọ́fà náà. Tí kò bá jẹ́ 0, display-buffer.

Kọ ọ́ kí o sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná. Tó bá dúró dáadáa, fi M-x report-emacs-bug fi ránṣẹ́ sí wọn. Tí kóòdù rẹ bá kúrò ní ìlà díẹ̀, wọ́n máa ní kí o fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́-oníǹkan fún Free Software Foundation, má jẹ́ kí ìyẹn lé ọ sẹ́yìn. Mo ṣetán láti bá ọ kà á kó tó lọ.

---

Akọ̀wé_Ìkẹ́rẹ́ | Ọjọ́rú, 9:15 àárọ̀

Wọ́n ti fi ìwé ìwọ̀n tuntun ránṣẹ́, ó ṣí ní ẹ̀ẹ̀kan. 321 ló wà níwájú orúkọ Bàbá. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i.